Ọjọ́ Tí Alfa Lọ Pe Fadá

Màmá, ìyá ọkọ mi, kò bẹ̀rù ikú. Ọmọ wọn ló ń bá wọn bẹ̀rù rẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ ṣe rí nílé wa nìyẹn ní ọdún kejì tí àwọn sójà gbàjọba, nígbà tí mílíìkì àti ṣúgà di ohun tí à ń tò sórí ìlà fún, tí èmi ń kọ́ àwọn ọmọ kíláàsì kejì ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Ìwó.

Ọmọ Ilé-Ogbó ni mí. Ọkọ ni mo wá fẹ́ sí Ìwó. Kábíńtà ni ọkọ mi, iṣẹ́ bàbá rẹ̀ ló jogún. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé, lábẹ́ páànù tí ó ti dógùn-ún. Ó ń kan àga, ó ń kan bẹ́ẹ̀dì, ó ń kan ilẹ̀kùn àti fèrèsé. Ó ń kan pósí náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í dunnú sí i. Ẹni tó máa ń kọrin sídìí iṣẹ́ ni, ṣùgbọ́n bí ó bá ń kan pósí lọ́wọ́, o kò ní gbọ́ ohùn rẹ̀. Inú ilé tí bàbá rẹ̀ kọ́ ni gbogbo wa ń gbé: èmi, òun, àwọn ìbejì wa tí wọn kò tíì bẹ̀rẹ̀ ilé-ìwé, àti Màmá.

Ilé Mùsùlùmí ni wọ́n bí Màmá sí, ní ọ̀kan nínú àwọn agboolé àtijọ́ tó wà nítòsí ààfin. Àgbẹ̀ ni bàbá wọn, ó sì tún ń kọ́ àwọn ọmọdé ní kéwú. Ìyá wọn kú nígbà tí àbúrò wọn ọkùnrin ṣì ń mu ọmú, Màmá tí àwọn fúnra wọn kò tíì ju ọmọdébìnrin lọ ló sì gbé ọmọ náà pọ̀n. Ògì ni wọ́n fi ń bọ́ ọ. Ẹ̀yìn wọn ni ọmọ náà wà tó fi hu eyín, ẹ̀yìn wọn náà ló ti kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Nígbà tí Màmá tó lọ́kọ, kábíńtà kan tó ń ṣe ìjọ Àgùdà ni ọkàn wọn yàn. Bàbá wọn fárígá. Ó ní bí wọ́n bá lọ, kí wọ́n má padà wá. Wọ́n lọ, wọ́n ṣe ìrìbọmi, ẹsẹ̀ wọn kò sì kan agboolé bàbá wọn fún ọdún púpọ̀. Ọmọ tí wọ́n pọ̀n yẹn ni kò jẹ́ kí okùn ọ̀hún já. Bí ó bá ti jáde kéwú, ẹ̀yìnkùlé ló máa ń gbà lọ jẹun lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Gbogbo agboolé ló mọ̀, kò sì sí ẹni tó sọ fún bàbá. Nígbà tí àìsàn wá dá bàbá náà dùbúlẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ló ní kí wọ́n lọ pe ọmọ òun obìnrin wá. Màmá lọ, wọ́n tọ́jú rẹ̀ títí tó fi kú. Ìjà náà parí síbẹ̀.

Àbúrò yẹn ni Alfa. Nígbà tí mo délé ọkọ, irùngbọ̀n Alfa ti funfun, wọ́n sì ti ní ilé kéwú tiwọn. "Ìyá mi" ni Alfa ń pe Màmá. Màmá náà ń pe Alfa ní "Ọmọ mi", láìka irùngbọ̀n àti láwàní sí. Ó kọ́kọ́ pa mí lẹ́rìn-ín. Nígbà tó yá, ó mọ́ mi létí. Gbogbo ọjọ́ Jímọ̀, bí wọ́n bá ti kírun tán ní mọ́ṣáláṣí, ọ̀dọ̀ wa ni Alfa ń gbà lọ sílé. Màmá á tẹ́ ẹní sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, àwọn méjèèjì á jókòó, wọ́n á máa sọ ọ̀rọ̀ tí kò ṣe pàtàkì: ta ló bímọ, ta ló ń kọ́lé, báwo ni èlùbọ́ ṣe wọ́n tó lọ́jà. Bí ọdún Iléyá bá dé, itan àgbò kan kì í yẹ̀ lórí wa. Bí Kérésìmesì bá dé, Alfa fúnra wọn ló ń wá dú adìẹ wa, kí àwọn náà lè bá wa jẹ nínú rẹ̀.

Màmá kò mọ̀wé. Nígbà tí wọ́n ṣe ìrìbọmi, èdè Látìn ni wọ́n fi ń ṣe Mísà, wọ́n sì há ohun tí ìjọ ń dáhùn sórí láìmọ ìtumọ̀ rẹ̀. Wọ́n máa ń sọ fún mi pé, "Ìyàwó mi, ìgbà tí wọ́n wá ń fi Yorùbá ṣe é ni mo tó mọ ohun tí mo ti ń bá Ọlọ́run sọ. Mo dúpẹ́ pé ọ̀rọ̀ rere ni."

Ìgbà ọyẹ́ ọdún tí mò ń sọ yìí ni ẹsẹ̀ Màmá bẹ̀rẹ̀ sí í wú. Kò pẹ́ tí mímí náà fi di iṣẹ́. Wọn kò lè dùbúlẹ̀ gbalaja mọ́. Ìrọ̀rí la fi ń tì wọ́n lẹ́yìn kí wọ́n tó lè tòògbé. A gbé wọn lọ sí ọsibítù. Dókítà ní ọkàn wọn ló ti rẹ̀, pé kò lágbára tó láti máa ti ẹ̀jẹ̀ káàkiri ara bó ṣe yẹ. Ó fún wọn ní oògùn tó ń mú kí wọ́n máa tọ̀, ó ní kí wọ́n jìnnà sí iyọ̀, ó sì dá wa padà sílé. Kí a tó kúrò, ó pe ọkọ mi sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó sọ fún un pé àìsàn yìí kì í ṣe irú èyí tí à ń wò sàn pátápátá. Ọkọ mi gbé ọ̀rọ̀ náà mì. Ó pẹ́ díẹ̀ kí ó tó sọ ọ́ fún mi.

Ààwẹ̀ Lẹ́ńtì bẹ̀rẹ̀. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, mò ń fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ nu Màmá lẹ́sẹ̀, ọkọ mi dúró lẹ́nu ọ̀nà, Màmá sì ní:

"Ẹ bá mi pe Fadá wá. Mo fẹ́ gba òróró."

Ọkọ mi ní, "Màmá, ẹ ò ní kú."

"Ṣé mo ní mo fẹ́ kú ni? Mo ní mo fẹ́ gba òróró."

"Ara yín á yá. Ẹ jẹ́ ká máa lo oògùn." Ó sì bọ́ síta.

Ẹni tí kò bá sí nínú ìjọ wa nígbà náà lè má mọ ohun tó ń ba ọkọ mi lẹ́rù. Òróró mímọ́ tí Fadá fi ń yan aláìsàn, òróró ikú ni àwọn ènìyàn ń pè é. Fadá wàásù títí. Wọ́n ní kì í ṣe ẹni tó ń kú lọ nìkan ló wà fún, wọ́n ní ẹnikẹ́ni tí àìsàn bá wọ̀ lára lè gbà á. A ó ní "Àmín", a ó padà sílé, a ó sì máa bẹ̀rù rẹ̀ lọ. Kò sí ẹni tó ń pe Fadá àfi bí aláìsàn bá ti ń pọ̀kàkà. Nítorí náà, ẹni tó bá gba òróró kì í pẹ́ kú, èyí sì tún ń fi ẹ̀rù kún ẹ̀rù. Bí Fadá bá gbé àpò dúdú kékeré yẹn wọ ilé kan, àwọn aládùúgbò á ti máa káwọ́ lérí kí Fadá tó jáde.

Mo lọ bá ọkọ mi ní ṣọ́ọ̀bù. Ó ń fá pákó.

Mo ní, "Bàbá Ìbejì, ohun tí Màmá ń tọrọ yìí kò ju agbára wa lọ."

"Ìyá Ìbejì, èmi ni mo ń kan pósí fún àwọn tí wọ́n ń ta òróró sí lára nínú ìjọ yìí. Mi ò tíì rí èyí tó dìde níbẹ̀."

"Ṣé òróró ló pa wọ́n ni, àbí àìsàn?"

Ó ń fá pákó náà lọ, títí tí mo fi rò pé kò ní ku nǹkan kan nínú rẹ̀.

Ó wá sí mi lọ́kàn pé kí n lọ pe Fadá fúnra mi. Ṣọ́ọ̀ṣì kò jìnnà sí wa. Màmá ló dá mi dúró. Wọ́n ti rí i lójú mi. Wọ́n ní, "Ìyàwó mi, má gba ẹ̀yìn ọkọ rẹ. Mi ò fẹ́ kí òróró mi dá ìjà sílẹ̀ láàrin yín. Ọlọ́run tí mo fẹ́ gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ mọ ibi tí mo wà." Wọn kò tún mẹ́nu bà á mọ́. Wọ́n ń ka rósárì wọn lójoojúmọ́, èémí á sì máa gé wọn lẹ́nu láàrin Mo kí ọ Màríà kan sí òmíràn. Wíwú tó wà lẹ́sẹ̀ wọn ti gun òkè dé orúnkún.

Báyìí la ṣe wà tí ọjọ́ Jímọ̀ kan fi dé. Alfa wá bí ìṣe wọn. Ilé-ìwé ti jáde, mo wà nílé. Màmá kò lè jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ mọ́, nítorí náà Alfa fa àpótí ìjókòó sún mọ́ bẹ́ẹ̀dì nínú yàrá. Wọ́n béèrè bí ara ṣe rí. Màmá kò fi ọ̀rọ̀ pamọ́ fún wọn. Wọ́n ní òróró ni àwọn ń fẹ́, ọmọ àwọn kò sì fẹ́ pe Fadá.

Alfa ní, "Kí ni òróró náà ń ṣe, Ìyá mi?"

"Fadá á gbàdúrà, á fi kàn mí níwájú orí, á fi kàn mí lọ́wọ́. Ọlọ́run á dárí ẹ̀ṣẹ̀ mi jì mí, á fún mi lágbára tí n ó fi ru àìsàn yìí. Bó bá ní kí n dìde, mo dìde. Bó bá ní kí n máa bọ̀, mo lọ."

"Ẹ sì ń fẹ́ ẹ?"

"Mo ń fẹ́ ẹ gan-an, ọmọ mi."

Alfa jókòó fún ìgbà díẹ̀, wọ́n ń ti tẹ̀sùbáà wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn náà wọ́n dìde, wọ́n jáde. Mo rò pé wọ́n ń lọ sílé ni, mo bá tẹ̀lé wọn láti sìn wọ́n. Ṣọ́ọ̀bù ni wọ́n yà sí. Ọkọ mi dọ̀bálẹ̀ kí wọn.

Alfa ní, "Ìyá mi tọrọ nǹkan lọ́wọ́ rẹ, o kò fún un."

Ọkọ mi ní, "Bàbá, ẹ̀rù ló ń bà mí."

"Ẹ̀rù ń ba èmi náà. Ìwọ, ìyá rẹ ni. Èmi, òun nìkan ni ìyá tí mo mọ̀ láyé. Ṣùgbọ́n òun ló ń ṣàìsàn, kì í ṣe ẹ̀rù wa."

Ọkọ mi wolẹ̀.

"Kò burú," Alfa ní. "Bí ẹsẹ̀ rẹ kò bá gbé e, tèmi á gbé e. Níbo ni Fadá wà?"

Èmi ni mo dáhùn. Mo ní wọ́n wà ní Kúta, pé gbogbo ọjọ́ Ẹtì inú Lẹ́ńtì ni wọ́n ń lọ bá àwọn ọmọ ìjọ ibẹ̀ rin Ọ̀nà Àgbélébùú. Mo rò pé Alfa á ní kí a dúró dìgbà tí wọ́n bá dé. Wọ́n kàn ká ẹsẹ̀ ṣòkòtò wọn sókè, wọ́n gun kẹ̀kẹ́ wọn, wọ́n kọrí sí ọ̀nà Kúta nínú oòrùn ọ̀sán gangan. Ọkọ mi ń wò wọ́n títí wọ́n fi ṣẹ́ kọ́nà.

Bí wọ́n ti lọ tán, ọkọ mi gbé iṣẹ́ sílẹ̀, ó wọlé lọ bá ìyá rẹ̀. Mo wà níbẹ̀, mò ń fi abẹ̀bẹ̀ fẹ́ Màmá. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó gbé orí lé etí bẹ́ẹ̀dì.

Màmá ní, "Ṣé o rò pé bí Fadá kò bá wá, ikú ò ní mọ ọ̀nà ilé yìí?"

"Rárá, Màmá."

"Bàbá rẹ jábọ́ láti orí òrùlé tí wọ́n ń kàn. Àárọ̀ ni wọ́n jáde nílé, kí ọ̀sán tó pọ́n, wọ́n ti gbé òkú wọn wá bá mi. Wọn ò ráyè dágbére. Wọn ò ráyè jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀. Èmi náà ò ráyè kí wọn pé ẹ kú iṣẹ́. Ọlọ́run wá fún èmi ní àyè. Má gbà á lọ́wọ́ mi, ọmọ mi."

Ọkọ mi ní, "Ẹ̀yin lẹ kọ́ wa pé ká gbẹ́kẹ̀ lé Ọlọ́run. Mo gbẹ́kẹ̀ lé e pé á wò yín sàn. Bí mo bá pe Fadá, á dà bíi pé mo ti jáwọ́."

"Ìgbẹ́kẹ̀lé tìrẹ nìyẹn. Èmi ò gbẹ́kẹ̀ lé e pé mi ò ní kú. Ta ni kò ní kú? Ohun tí mo gbẹ́kẹ̀ lé e fún ni pé bí mo bá jábọ́, ọwọ́ rẹ̀ ni n ó bọ́ sí. Bó ṣe lónìí, bó ṣe ọdún tó ń bọ̀, ọwọ́ kan náà ni."

Èémí gé wọn níbẹ̀. Mo ti gbọ́ ìwàásù láti kékeré, ìyá mi kì í jẹ́ kí a pa Mísà ọjọ́ Àìkú jẹ. N kò tíì gbọ́ èyí tó yé mi tó ìyẹn. Ọkọ mi sunkún. Màmá kò ní kó dákẹ́. Wọ́n kàn gbé ọwọ́ lé e lórí. Nígbà tó ṣe, ó dìde, ó lọ bọ́jú, ó sì bi mí léèrè ohun tí wọ́n máa ń tò sílẹ̀ de Fadá. Mo ní tábìlì kékeré, aṣọ funfun, àgbélébùú, àbẹ́là, omi àti òwú. Ó gbé tábìlì kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kàn fún oníbàárà wọlé. Èmi tẹ́ aṣọ lé e. Òun ló to ìyókù sí i, ó tò ó, ó tún un tò.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Kúta, ẹnu Fadá ni mo ti gbọ́ ọ lẹ́yìn náà. Ọmọ Èkìtì ni Fadá, ọ̀dọ́mọkùnrin ni wọ́n, kò tíì pẹ́ tí wọ́n gbé wọn wá sí ọ̀dọ̀ wa. Wọ́n ní ó ku díẹ̀ kí àwọn parí Ọ̀nà Àgbélébùú nígbà tí orin bẹ̀rẹ̀ sí í rẹlẹ̀ lẹ́nu àwọn obìnrin tó wà lẹ́yìn. Àwọn bojú wẹ̀yìn, àwọn rí Alfa kan tó wé láwàní, tó dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn, tí eruku ti bò dé orúnkún. Gbogbo ìjọ rò pé ẹjọ́ ló gbé wá. Alfa bọ́ bàtà, wọ́n dúró níbẹ̀ títí tí àdúrà fi parí. Lẹ́yìn náà ni wọ́n wá síwájú, wọ́n ní, "Fadá, ẹ kú iṣẹ́ Ọlọ́run. Ẹ̀gbọ́n mi ń ṣàìsàn, ó ní òróró yín lòun ń fẹ́. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má pẹ́."

Fadá ní ẹnu ya àwọn débi pé àwọn gbàgbé láti béèrè orúkọ aláìsàn kí àwọn tó wọnú mọ́tò. Ìjàpá ni mọ́tò náà, Fókísí kékeré aláwọ̀ ewé. Wọ́n so kẹ̀kẹ́ Alfa mọ́ orí rẹ̀, Alfa jókòó síwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ Fadá. Báyìí ni wọ́n ṣe wọ àdúgbò wa ní ìrọ̀lẹ́. Obìnrin tó ń ta kẹrosíìnì ní ọ̀ọ́kán wa dìde dúró láti wò wọ́n.

Fadá ní kí a kọ́kọ́ jáde, kí Màmá lè jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀. Àwa mẹ́ta jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, Alfa, ọkọ mi àti èmi. Nígbà tí Fadá ṣílẹ̀kùn pé kí a máa bọ̀, Alfa kò dìde. Wọ́n ní, "Ṣé èmi náà lè wọlé?" Kí Fadá tó fèsì, a gbọ́ ohùn Màmá láti inú yàrá:

"Ọmọ mi dà? Ẹ jẹ́ kó wá dúró tì mí."

Alfa wọlé, wọ́n fẹ̀yìn ti ògiri. Fadá gbé ọwọ́ lé Màmá lórí láìsọ̀rọ̀. Wọ́n fi òróró kàn wọ́n níwájú orí, wọ́n fi kàn wọ́n ní àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì, wọ́n ń gbàdúrà pé kí Olúwa dárí jì wọ́n, kí ó gbà wọ́n là, kí ó gbé wọn dìde. Níbi tí wọ́n ti gbàdúrà fún ìlera, ohùn Alfa ló kọ́kọ́ jáde pẹ̀lú "Àmín". Lẹ́yìn náà Màmá gba Komúníọ̀n. Gbogbo rẹ̀ kò gùn. Ohun tí ọkọ mi ti ń sá fún láti ọjọ́ yìí wá, kò pẹ́ tó àkókò tí à ń fi jẹun.

Bí Fadá ti ń di ẹrù wọn sínú àpò, Màmá ní ebi ń pa àwọn. Wọ́n ní kí n wá ẹ̀kọ tútù àti ọ̀lẹ̀lẹ̀ fún àwọn. Ọkọ mi rẹ́rìn-ín. N kò gbọ́ ẹ̀rín rẹ̀ láti ìgbà ọyẹ́.

Màmá kò kú. N kò sọ pé òróró ló wò wọ́n sàn. Oògùn dókítà kò kúrò lẹ́nu wọn, a kò sì jẹ́ kí wọ́n fojú kan iyọ̀. Ohun tí mo rí ni mò ń sọ. Wíwú ẹsẹ̀ náà ń fà díẹ̀díẹ̀. Ní ọjọ́ Àjíǹde, wọ́n jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ láti kí àwọn tó ń ti ṣọ́ọ̀ṣì bọ̀. Nígbà tí òjò fẹsẹ̀ múlẹ̀, wọ́n ti ń lọ sí Mísà fúnra wọn, wọ́n á rìn, wọ́n á dúró mí, wọ́n á tún rìn. Ojú àwọn ènìyàn là sí i. Láàrin ọdún yẹn, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í pe Fadá sílé nígbà tí aláìsàn ṣì lè sọ̀rọ̀.

Màmá fúnra wọn kò tan ara wọn jẹ. "Ó ní kí n ṣì dúró díẹ̀ ni," ni wọ́n máa ń wí. Wọ́n lo ìdúró náà dáadáa. Wọ́n kọ́ àwọn ìbejì ní àmì àgbélébùú, Táyé sì máa ń fi ọwọ́ òsì ṣe tirẹ̀. Wọ́n pín aṣọ wọn fún àwọn tí wọ́n fẹ́ kí ó ní in, wọ́n sì ń wò bí àwọn yẹn ṣe ń wọ̀ ọ́. Wọ́n bá ọkọ mi sọ̀rọ̀ pósí wọn. Wọ́n ní kó má fi igi tó dáa ṣòfò, pé igi àfárá ti tó. Ṣáájú ìgbà náà, kò jẹ́ dúró gbọ́ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Ní ọjọ́ yẹn ó ní, "Màmá, àfárá ò ní pẹ́ jẹrà." Màmá ní, "Èmi náà ò ní pẹ́ jẹrà. Kí ni a ń bá ara wa díje sí?" Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín títí Màmá fi bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́.

Wọ́n jẹ iṣu tuntun ọdún yẹn, wọ́n tún jẹ ti ọdún tó tẹ̀lé e. Lẹ́yìn ìyẹn ni àárẹ̀ padà dé. Fadá tún wá ta òróró sí wọn lára, ọkọ mi ló lọ pè wọ́n. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, mo gbé ògì fún Màmá kí n tó lọ sí ilé-ìwé. Wọ́n mu ún dé ìdajì, wọ́n ní ó ti tó, pé kí n máa lọ kí n má bàa pẹ́. Mo wọ yàrá lọ mú báàgì mi. Nígbà tí mo padà láti dágbére fún wọn, wọ́n ti lọ. Orí wọn tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan bí ẹni tó ń gbọ́ ọ̀rọ̀ láti ìta. Mo pa ojú wọn dé, mo lọ pe ọkọ mi.

Àwọn ẹbí Màmá láti agboolé wá. Àwọn kan nínú wọn ní Mùsùlùmí ni wọ́n bí Màmá, bí Mùsùlùmí ni kí a sin wọ́n. Ohùn ti ń ròkè nígbà tí Alfa dìde. Wọ́n ní, "Mo wà níbẹ̀ nígbà tó gba òróró. Mo mọ ohun tó fẹ́. Ẹ má bá mi jiyàn lórí ìyá mi." Wọ́n gbà fún wọn. Ohun kan ṣoṣo ni Alfa bẹ̀ wá fún, pé kí a má gbé wọn lọ sí mọ́ṣúárì, kí a má fi wọ́n pamọ́ de ìnáwó. Ọkọ mi gbà. A pinnu pé ọjọ́ kejì la ó sin wọ́n.

Ọkọ mi kan pósí náà ní ọ̀sán ọjọ́ yẹn. Alfa jókòó tì í nínú ṣọ́ọ̀bù, wọ́n ń fi sánpépà ha pákó kí ó lè dán. Wọn kò mọ iṣẹ́ náà, ọkọ mi ní láti tún ibi púpọ̀ ha, ṣùgbọ́n kò ní kí wọ́n fi í sílẹ̀. Ní ọjọ́ kejì, lẹ́yìn Mísà, a sin Màmá sí ìtẹ́ òkú ìjọ, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ wọn. Alfa tẹ̀lé wa dé ibẹ̀. Bí àwa ti ń kọrin, ètè wọn ń mì pẹ̀lú àdúrà tiwọn. Nígbà tó kan wọ́n, wọ́n bu iyẹ̀pẹ̀, wọ́n dà á sínú ibojì, wọ́n gbọn ọwọ́, wọ́n sì padà sẹ́yìn.

Alfa kò fi ìbẹ̀wò ọjọ́ Jímọ̀ sílẹ̀. Èmi ni mo wá ń tẹ́ ẹní, èmi ni mò ń sọ fún wọn ẹni tó bímọ àti ẹni tó ń kọ́lé. Nígbà mìíràn ọkọ mi á wá bá wa jókòó, nígbà mìíràn á ní iṣẹ́ pọ̀. Ó rí bẹ́ẹ̀ fún ọdún bíi mẹ́ta. Lẹ́yìn náà, ibà dá Alfa dùbúlẹ̀, kò sì jẹ́ kí wọ́n dìde mọ́. Àwọn ọmọ wọn ránṣẹ́ sí ọkọ mi pé kó wá gé pákó tí wọ́n máa tò sórí sàréè. Ó gé e, ó ru ú lọ fúnra rẹ̀, wọ́n sì sin Alfa kí oòrùn tó wọ̀.

Ní òpin ọ̀sẹ̀ yẹn, ọkọ mi lọ bá katikísì, olùkọ́ni ìjọ wa, ó ní òun fẹ́ kí wọ́n rántí orúkọ kan nínú Mísà ọjọ́ Àìkú. Katikísì gbọ́ orúkọ náà, ó gbé bírò sókè.

"Ọmọ ìjọ ni wọ́n?"

"Rárá," ni ọkọ mi wí. "Àbúrò ìyá mi ni."

Katikísì kọ ọ́ sílẹ̀. Ní ọjọ́ Àìkú, Fadá ka orúkọ náà pẹ̀lú ti àwọn òkú yòókù, gbogbo ìjọ sì dáhùn pé kí Olúwa gbọ́ àdúrà wa.